Ògidì àti Àbùlà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹmu Wa



Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì wà tí wọ́n ń ṣe ọtí wáìnì pupa bí àwọn baba ńlá wọn ti ṣe é. Wọn kì í lo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà nínú ọgbà àjàrà wọn. Ìwúkàrà tí ó wà lára èso náà ni wọ́n fi ń sọ omi rẹ̀ di ọtí. Àwọn olówó ń fi owó gọbọi rà á.

Kí ni ẹmu wa fi yàtọ̀? Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á dá a lu lókè lọ́hùn-ún, á sì so akèrègbè mọ́ ọn. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti inú akèrègbè ni yóò ṣe ìyókù. Ẹmu tí ó dùn láàárọ̀ á ti le kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di kíkan. Kódà, ìwúkàrà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Saccharomyces cerevisiae ń ṣiṣẹ́ nínú ọtí méjèèjì.

Ibi tí wọ́n ti ta wá yọ ni ìṣọ́ orúkọ. Ní 1935 ni Faransé dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ kí wáìnì ibì kan má baà máa jẹ́ orúkọ ibòmíràn. Ní 2012, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin nípa irú wáìnì tí a lè kọ “organic” sí ara ìgò rẹ̀.

Èdè wa ti ya irú nǹkan báyìí sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹmu ń ti ara ọ̀pẹ wá. Ògùrọ̀ ń ti ara igi ògùrọ̀ tí ń hù ní àbàtà. Èyí tí omi kò kàn ni ògidì. Èyí tí a bu omi là ni àbùlà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ìhun rẹ̀: à + bù + là. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ àbùlà ju gbẹ̀gìrì àti ewédú orí àmàlà lọ.

Èrò tèmi ni pé bí ọ̀rọ̀ méjì yìí bá kúrò lẹ́nu wa, ẹmu gidi yóò kúrò lọ́jà. Bí ẹni tí ó da omi àti ṣúgà sínú kẹ́ẹ̀gì bá ń gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lórí ọ̀pẹ, ta ni yóò tún gun ọ̀pẹ? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Mo mọ̀ pé ní Ẹdẹ níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀sìn wọn kò gbà fún láti mu ọtí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. A lè fi béèrè nípa oyin, a lè fi béèrè nípa epo pupa. Ẹni tí ó bá sì ń ra ẹmu, kí ó bi ẹlẹ́mu kí ó tó nawọ́ owó: “Ṣé ògidì ni, àbí àbùlà?” Bí ó bá jẹ́ ògidì, kí ó san owó ògidì.