Ẹ Má Jẹ́ Kí Rúlà Kúrò Lórí Tábìlì

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Ohùn ni àdán fi í mọ ọ̀nà lóru. Ọgbọ́n àdán yìí ni ó wà nínú ẹ̀rọ kékeré HC-SR04, tí àwọn ọ̀dọ́ ń so mọ́ pátákó Arduino láti fi mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ẹ̀rọ náà a ké ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́; ìró náà a kan ohun tí ó wà níwájú, a sì padà. Nǹkan bí mítà 343 ni ìró ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọ kò bá pín àkókò náà sí méjì, ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì òtítọ́, nítorí ìró náà lọ, ó sì bọ̀.

Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Èjìgbò má ṣe fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe àfihàn lásán. Ẹni tí ó da àṣẹ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kọ lè rí nọ́ńbà. Kò tíì mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó wo ohun tí ẹ̀rọ wí. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ dípò pákó, yóò rí i pé aṣọ lè gbé ìró mì, kí ìdáhùn sì ṣìnà. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá wọn omi inú táǹkì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde nílé àti ní Àbíjàn, bí ẹ bá ń ronú ẹ̀bùn àjọ̀dún, ẹ̀rọ kéékèèké tí yóò kárí àwọn ọmọ sàn ju ọ̀kan ńlá tí a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wò, irọ́ ènìyàn kò ní í tètè mú un.