Ṣé Wúrà Ń Wo Jẹjẹrẹ?

Ìyá kan tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ló bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ òótọ́, àwọn á dá ìtànṣán tí wọ́n ń tàn sí àwọn lára dúró ná, kí àwọn máa retí wúrà. Háà, Màmá, ẹ má ṣe é o!

Ohun tí wọ́n gbọ́ kì í kúkú ṣe irọ́. Ìtànṣán máa ń já okùn tín-ín-rín tó ń darí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kó má baà lè bí sí i mọ́. Wúrà wúwo ju ẹran ara lọ, ó máa ń gba ìtànṣán mú, á sì tú agbára rẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó bá wà nítòsí. Èyí tí à ń wí kéré débi pé ojú ò lè rí i. Kì í ṣe ti ọrùn wa.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gún un fún eku oníjẹjẹrẹ kí wọ́n tó tan ìtànṣán sí wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, 86 nínú 100 ṣì wà láàyè. Ti ìtànṣán nìkan jẹ́ 20. Àmọ́ eku nìyẹn. Ní 2019, àbájáde ìwádìí lára ènìyàn jáde, lórí hafnium, irin mìíràn, fún jẹjẹrẹ ẹran ara: jẹjẹrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán lára 16 nínú 100, ti ìtànṣán nìkan jẹ́ 8. Ó dára, ṣùgbọ́n ìtànṣán náà ṣì ni wọ́n lò.

Inú ìwádìí ni ti wúrà ṣì wà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í dúró dè é; bí ẹ bá pa ọjọ́ jẹ, àwọn tó ṣẹ́kù á tún okùn wọn so, wọ́n á sì máa bí sí i. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ló ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín kí ọjọ́ tó kàn tó pé.