Ẹ Ṣọ́ Owó Oṣù Yín Lọ́wọ́ Àwọn Gbájúẹ̀

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, owó tí a fi òógùn ojú ṣe fún odidi oṣù kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń kó o lọ. Wọn kì í yọ ìbọn, wọn kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Fóònù ni wọ́n ń lò.

Iṣẹ́ ibi yìí kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a ti mọ̀ wọ́n, abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ gbé nọ́ńbà BVN jáde ní 2014, wọ́n rí ọ̀nà tuntun: "Báńkì yín ni o. BVN yín kò pé, a ó ti àkáǹtì yín pa lónìí." Ìpayà yìí gan-an ni ohun ìjà wọn. Bí ọkàn ẹni bá ti fò sókè, wọn á béèrè nọ́ńbà káàdì, wọn á béèrè PIN, wọn á béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù. Ẹni tó bá kà á fún wọn, kọ́kọ́rọ́ àpótí ló fi lé olè lọ́wọ́. Ojúlówó báńkì kì í béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀, èrò á fi alẹ́ẹ̀tì hàn yín lórí fóònù tirẹ̀, á sì bọ́ sílẹ̀. Àkáǹtì tiyín ni kí ẹ wò kí ẹ tó fún un ní ṣéńjì. Bí wọ́n bá sì jí fóònù yín ní gáréèjì, ẹ yá ti ẹlòmíràn, kí ẹ pe báńkì àti iléeṣẹ́ tó ni SIM náà kíákíá. SIM yín lọ́wọ́ olè léwu ju fóònù náà lọ.

A sì ń sọ fún àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́: ìwé owó oṣù tó ní orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì. A fẹ́ kí wọ́n máa tì í mọ́ inú àpótí.

Èyí tó burú jù ni ìtìjú. Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì ń dákẹ́, nítorí pé àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń rí ẹlòmíràn mú. Kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kó sí wọn lọ́wọ́, kí ó sọ fún báńkì, ọlọ́pàá àti akọ̀wé ẹ̀ka wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ara wa.