Láti NCE dé Yunifásítì: Ẹ̀kọ́ Àyíká Kì í Ṣe Iṣẹ́ Wọlé-wọlé

  

Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, mo lọ ra èlùbọ́ ní Ìjerò. Bí mo ti ń na owó sí ìyá tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi parí NCE, mo ní kí n sinmi díẹ̀, àfi bí ó ti dé tí ó ní òun tún ń lọ sí yunifásítì lọ kọ́ nípa àyíká. Ṣé gbogbo owó èlùbọ́ tí mo ná yìí, wọlé-wọlé ni ọmọ mi fẹ́ dà?"

Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Odò-Ọwá, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀, nítorí ohun tí ọmọ yẹn ń wá kiri ni èmi alára ti ń wá láti bí ọdún mẹ́ta.

Iṣẹ́ wọlé-wọlé kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n onímọ̀ àyíká yàtọ̀ sí i. Òun ni ó ń yẹ omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wò, tí ó ń sọ ohun búburú tí ó wà nínú wọn, ibi tí ó ti wá, àti ìwọ̀n tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní ọdún 1988, wọ́n rí i pé a ti kó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí ìlú Kókò, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Délta nísinsìnyí, tí a sì tò ó sí àgbàlá ọkùnrin kan tí wọ́n ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún lóṣooṣù. Ariwo ọ̀rọ̀ náà ni ó mú kí ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ní 1992, òfin jáde pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ohun tí yóò ṣe fún àyíká wò. Nígbà tí ó sì di 2007, wọ́n dá NESREA sílẹ̀ láti máa mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ẹ bi ara yín, ta ni yóò ṣe gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́ ọ?

Ìwé kọ́ ni ó kọ́kọ́ ta mí jí o. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjerò ní òkúta tí gbogbo ayé ń wá: tantalite, kaolin, tourmaline, àti èyí tí lithium wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Bí àwọn awakùsà bá wa ilẹ̀ tán tí wọ́n bá tiwọn lọ, ihò ni ó ń kù, òjò a sì rọ̀ kún un. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan sì bi mí pé, "Sà, ṣé omi yìí ṣe é mu?" Mo ní kí wọ́n má mu ún rárá. Ó ní, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀, sà?"

Èmi tí mo gba NCE nínú Báyọ́lọ́jì àti Jọ́gíráfì, tí mo ti ń yàwòrán òjò àti ìkúùkù sára pátákó fún ọdún mẹ́wàá! Mo ní kí a máa lọ sílé, pé oòrùn ti ń mú.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni ti Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ń fọ́ òkúta wúrà ní agbo ilé wọn, wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀, òjé náà sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Èmi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí o. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo àwa olùkọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni kan tí ó lè sọ fún ọmọ yẹn bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà wà fún ẹni tí ó ní NCE. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Ashby jábọ̀ ní 1960 ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, láti 1962. Nígbà náà, olùkọ́ ni wọ́n ń wá. Lónìí, ìwé náà ti di ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní i yóò gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, kò ní bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ìdánwò ìwọlé, ọdún kejì ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin a di mẹ́ta, ti ọdún márùn-ún a di mẹ́rin. Irú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Joliet ti bẹ̀rẹ̀ ní 1901: ènìyàn a ṣe ọdún méjì nítòsí ilé bàbá rẹ̀, a sì gba yunifásítì lọ parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà fún un níbẹ̀. Tiwa dà bí ìgbà tí a bá ń ra iṣu ní òkìtì. Ọdún odindi ni a ń kà, bí ohun kan bá sì ku díẹ̀ káàtó, wọ́n lè ní kí o padà lọ bá àwọn ọmọ ọdún kìíní jókòó.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí wọ́n kọ "environmental" sí lára ní yunifásítì wa, ilé kíkọ́, ilẹ̀ wíwọ̀n àti ètò ìlú ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí ti FUTA ní Àkúrẹ́ ti rí nìyẹn, ẹ̀kọ́ pàtàkì sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú omi, irú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta ni ó ń wá, níbi tí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àyíká àti ìmọ̀ nípa májèlé ti wà pọ̀. Èmi fúnra mi ìbá ti lọ kọ́ ilé kíkọ́ bí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́ kan tí ó fà mí létí.

Ibi tí mo ti ṣubú gan-an ni Kẹ́mísírì. Nígbà tí mo ṣe WAEC, mo gba D7 nínú rẹ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́ NCE, nítorí náà mo gbàgbé rẹ̀. Mo ra fọ́ọ̀mù, mo san owó, mo retí. Wọ́n ní kò sí ààyè, Kẹ́mísírì kò pé. Bí ó tilẹ̀ pé, ìwé èsì tí ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì mi fi ránṣẹ́, èyí tí à ń pè ní transcript, kò kúrò lórí tábìlì akọ̀wé kan títí ọdún fi yí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ ọkọ̀ lọ.

Mo bá forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ẹni ọdún 34. Ní yàrá ìdánwò, ẹni tí ó jókòó níwájú mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD. Ó yíjú padà, ó rí mi, ó sì fẹ́ dìde kí mi. Mo fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó. C6 ni mo gbà, mo sì jó nínú ilé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé. Ìyàwó mi ń ta aṣọ, ọmọ mẹ́ta ni a ní. Mo ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lọ sí Abẹ́òkúta. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Bàbá wọn, èmi kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ ṣá sọ ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní oṣù kẹsàn-án." Èmi kò rí i sọ. Bí mo ṣe yà sí NOUN nìyẹn, yunifásítì tí a ń kọ́ láti ilé, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ àyíká, wọn kò sì béèrè ìdánwò JAMB. Èmi kò ní purọ́, ó wù mí kí n jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́ bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n owó oṣù mi kò ní dúró, ihò omi tí mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ sì wà nítòsí ilé mi.

Mo ti padà lọ bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, kì í ṣe wọlé-wọlé o." Mo ròyìn rẹ̀ fún wọn títí wọ́n fi mirí. Ní Sátidé tí ń bọ̀, ọmọ náà yóò wá sí ọ̀dọ̀ mi ní Odò-Ọwá. Mo ní kí ó mú èsì WAEC rẹ̀ dání, kí n kọ́kọ́ wo Kẹ́mísírì.