Ọ̀bẹ Kò Lè Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ àti ẹ̀yin awakọ̀,

Ìwé kan ti tẹ ẹ̀ka wa lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ìjọba kan tí ó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò, tí ó sì ń fún àwọn agbanisíṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, yan ìgbìmọ̀ láti inú ara rẹ̀ pé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ọ́fíìsì náà wò. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ni wọ́n jókòó, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ni wọ́n jẹ́rìí, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì náà ni wọ́n sì dájọ́. Ìdájọ́ wọn ni pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àfi pé owó kò tó. Wọ́n wá ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí ó lè dàbí ẹni pé gbogbo wa ni a jọ sọ ọ́.

A kò ní fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. A kò dárúkọ ọ́fíìsì náà níhìn-ín. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a fẹ́ la ìdí tí a fi kọ̀ yé yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé oníjàngbọ̀n lásán ni wá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé náà kà. Ó ka fáìlì. Ó ka ìwé àṣẹ tí wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́. Ó ka owó tí ó wọlé lórí ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n a ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò rí iye ìgbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ẹ̀rọ. A kò rí iye ẹ̀rọ tí wọ́n bá láìní ìbòrí. A kò rí iye agbanisíṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù. A kò rí iye ìka, iye ọwọ́, iye ojú tí ó bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀ rárá, àfi ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ní òṣìṣẹ́ kì í mú ẹjọ́ wá.

Àwọn àgbà láàárín wa mọ wolé-wolé ayé àtijọ́. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kì í bi baálé léèrè bóyá omi ilé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ìkòkò, tí yóò bojú wo inú omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ tí àwa ń rí lónìí, ọ́fíìsì máníjà ni ó ń yà sí. Wọn á gbé mínírà tútù síwájú rẹ̀, wọn á gbé fáìlì lé e lọ́wọ́, yóò fọwọ́ sí ìwé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò. Ìwé ní omi mọ́.

Òfin kò ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1987 ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà títí di òní. Òfin náà fún ìnsípẹ́kítọ̀ ní agbára láti wọ ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án tàbí lóru. Ó ní kí a máa yẹ ẹ̀rọ tí ó ń gbé ẹrù àti ènìyàn lọ sókè wò ní oṣù 6-6, kí a sì yẹ bọ́ílà wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 14. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ òru, a bi yín: bí ilẹ̀ bá ti ṣú, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà? Wọ́n ní nítorí olè ni. Ǹjẹ́ bí iná bá sọ, ta ni olè níbẹ̀?

Kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù September ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ ike kan ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jóná mọ́ inú ilé. Ìyà yìí kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ìlú Hamlet, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, iná pa òṣìṣẹ́ 25 ní ọjọ́ 3 oṣù September ọdún 1991, nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń din adìyẹ. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọdún 11 ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣiṣẹ́ tí ayẹ̀wò ààbò òṣìṣẹ́ kò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìnsípẹ́kítọ̀ ẹran ń dé ibẹ̀ déédéé. Wọ́n yẹ adìyẹ wò, wọn kò yẹ ènìyàn wò.

Ẹni tó bá sì rò pé ìwé àṣẹ lè paná, kí ó gbọ́ ti Karachi ní orílẹ̀-èdè Pakistan. Ní ọjọ́ 11 oṣù September ọdún 2012, iná pa ènìyàn tí ó lé ní 250 nínú ilé iṣẹ́ aránṣọ kan níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ṣáájú ni wọ́n fún ilé iṣẹ́ náà ní sátífíkéètì pé gbogbo nǹkan rẹ̀ pé. Ìwé pé, ènìyàn jóná.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀rọ nìyí, kò kàn yín. Àrùn kan náà ni. Ta ni nínú yín tí kò mọ ọkọ̀ tí kò dé iwájú ayẹ̀wò, ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín? Bírékì kò mú, táyà ti pá, ọ̀gá ní kí o máa lọ. Bí ọkọ̀ bá wá pàdánù ara rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́: ọkọ̀ yẹ lójú títì, ẹ wo ìwé rẹ̀, nítorí náà awakọ̀ ló sá eré àsápajúdé. Bákan náà ni ti ilé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gé ọmọ ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n fa ìwé àṣẹ yọ: ilé iṣẹ́ wa pé, òṣìṣẹ́ ni kò ṣọ́ra. Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù nìyí. Ìwé tí a ní kí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ti di ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi.

Ó wá ku àwáwí mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ náà ṣe. A óò dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í ṣe ẹnu wa ni a óò fi dáhùn, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Àdéhùn Nọ́ńbà 81 ti àjọ ILO, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1947 lórí àyẹ̀wò ibi iṣẹ́, Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù October ọdún 1960, oṣù tí a gba òmìnira gan-an.

Èkíní, wọ́n ní kò sí ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ìjà wa kì í ṣe pẹ̀lú ìnsípẹ́kítọ̀ kékeré. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Ṣùgbọ́n Abala 11 àdéhùn náà ní ìjọba ni kí ó pèsè ọ́fíìsì àti ọkọ̀ fún un, kí ó sì dá owó ìrìn-àjò rẹ̀ padà fún un. Nítorí ìjọba kò ṣe é, ìnsípẹ́kítọ̀ ń wọ mọ́tò ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ lọ yẹ̀ wò. Mọ́tò agbanisíṣẹ́ ló gbé e wá, mọ́tò agbanisíṣẹ́ ni yóò gbé e padà lọ sílé. Ẹ sọ fún wa, kí ni ó kù tí ojú rẹ̀ lè rí? Bí ìgbìmọ̀ náà bá fẹ́ jà fún ọkọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, a óò tẹ̀ lé wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi àìsí ọkọ̀ bo àìṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní òṣìṣẹ́ kì í mú ẹjọ́ wá. Ta ni yóò mú un wá? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ lẹ́tà sí wọn nípa ẹ̀rọ tí ìbòrí rẹ̀ ti yọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lẹ́tà ti wà lórí tábìlì máníjà, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ ọ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìbòrí kò sì sí lórí rẹ̀. Abala 15 ní ìnsípẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tó mú ẹjọ́ wá ṣe àṣírí pátápátá. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Kí wọ́n kọ́kọ́ pa ejò, kí wọ́n tó bi wá ìdí tí a fi ń sá.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àtúnṣe tó kù ni kí ìwé àṣẹ máa tètè jáde, kí wọ́n sì máa kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ ṣáájú kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá. Ohun tí ìyẹn yóò bí, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, ilé á di gbígbá. Wọn á kun ilé ní ọ̀dà, wọn á pín bàtà àti ìbọ̀wọ́ tí wọn yóò gbà padà nírọ̀lẹ́, wọn á ní kí àwọn káṣúà má wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Abala 12 ní kí ìnsípẹ́kítọ̀ lè wọlé fàlàlà, láìkọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, ní wákàtí yòówù kó jẹ́, lọ́sàn-án tàbí lóru. Kò sí ibi tí àdéhùn náà ti ní kí ìwé àṣẹ máa sáré.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni Abala 20 àti 21. Wọ́n ní kí ọ́fíìsì àgbà tó ń bojú tó àyẹ̀wò máa tẹ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé lè kà á: iye ibi iṣẹ́ àti iye òṣìṣẹ́ inú wọn, iye ìbẹ̀wò, iye ìgbà tí wọ́n rú òfin àti ìyà tí wọ́n fi jẹni, iye jàǹbá, iye àìsàn tí iṣẹ́ fà. Àwọn nǹkan tí a wá títí nínú ìwé ìgbìmọ̀ yìí tí a kò rí gan-an nìyẹn. Ìwé tí ọ̀gá kọ fún ọ̀gá, tí wọ́n ní kí á má fi han ọmọ ẹgbẹ́, kò lè rọ́pò ìròyìn tí òfin ní kí a gbé síta.

Kò sì ṣòro láti ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù April ọdún 2013, ilé Rana Plaza ní Bangladesh wó lu àwọn aránṣọ, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100. Ilé náà ti là láti ọjọ́ kejì sẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n lé òṣìṣẹ́ wọ inú rẹ̀. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti mú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra aṣọ láti ibẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tí ó ní agbára òfin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn ilé iṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé ohun tí wọ́n rí síta. Ikú ènìyàn tó lé ní 1,100 ni ó la ojú wọn. Àwa kò fẹ́ dúró de tiwa.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí wọ́n tẹ ìròyìn ọdọọdún jáde, pẹ̀lú gbogbo iye tí Abala 21 là sílẹ̀. Kí aṣojú ẹgbẹ́ máa bá ìnsípẹ́kítọ̀ rìn nínú ilé ẹ̀rọ, kí a sì lẹ ohun tí ó bá rí mọ́ pátákó níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lè kà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ̀wé ṣáájú sí agbanisíṣẹ́. Kí wọ́n wádìí ẹni tó gbé lẹ́tà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fún máníjà, kí wọ́n sì dá ẹni tó kọ ọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe èyí, ọjọ́ náà ni a óò fọwọ́ sí ìwé wọn.

Títí di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ ara wa. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí yóò máa kọ jàǹbá sí: ọjọ́, wákàtí, ẹ̀rọ, ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí fóòmù òfìfo. Awakọ̀ tí bírékì rẹ̀ kò mú, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá, kí ó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ó tó sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ sí ọ́fíìsì yẹn láti fẹjọ́ sùn. Ẹgbẹ́ ni yóò gbé ẹjọ́ lọ, orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò sì wà lórí lẹ́tà. Máníjà lè lé ẹnìkan lọ́jọ́ kan. Kò lè lé gbogbo ilé ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka tó ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ mú ẹlòmíràn dání. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!

Àwa ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹ̀ka