Ìkíni Ní Í Ṣáájú Ọ̀rọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹ kú ìwé kíkà, ẹ sì kú ìfaradà ilẹ̀ onílẹ̀. Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ni wọ́n ń pè wá. Bí a bá wo orúkọ náà dáadáa, a ó rí i pé ìkíni ni a fi sọ wá lórúkọ. Ọmọ Yorùbá tí a rán níṣẹ́ sí ilé àgbà kì í já wọlé kí ó sì máa tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kí, yóò sọ ẹni tí ó rán an, kí ó tó jẹ́ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ náà tán kí ó tó rántí ìkíni, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ohun tí ó mú wa fi ọ̀rọ̀ ìkíni bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ wa ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá. A fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sí ojú ìwé wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fúnra wọn ni ó kọ ètò tí ó gbé e jáde, wọn kò sì fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ kankan dù wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí i, kò ṣe é kà. Ibi tí ó yẹ kí "ẹ" wà ni a ti rí "áº¹". Ibi tí ó yẹ kí "ṣ" wà ni a ti rí "á¹£". Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí kì í ṣe Yorùbá rẹ́rìn-ín títí. Ní ìpàdé, àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n ní èdè Yorùbá kò bá kọ̀ǹpútà mu, wọ́n ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì náà kúrò kí a lè sinmi. Díẹ̀ ló kù kí ìbò gbè wọ́n.

Àwa kò fara mọ́ ọn nígbà náà, a kò sì fara mọ́ ọn títí di òní. Èdè Yorùbá kò jẹ̀bi, kọ̀ǹpútà kò sì jẹ̀bi. Àwa tí a rán ojú ìwé jáde láìkí ènìyàn dáadáa ni a jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Nígbà tí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì ojú ìwé kan sínú bùráósà, bùráósà náà yóò lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí ojú ìwé náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí à ń pè ní sáfà. Ètò tí ẹnì kan kọ sórí sáfà náà, ìbáà jẹ́ ní PHP, ìbáà jẹ́ ní Python, ni yóò dáhùn. Ìdáhùn yìí ní apá méjì. Apá kìíní ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní header. Apá kejì ni ara ọ̀rọ̀, èyí tí ojú wa ń rí. Ìlà òfìfo kan ṣoṣo ni ó pààlà sí àárín méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ṣe máa ń rí nìyí:

HTTP/1.1 200 OK
Content-Type: text/html; charset=UTF-8

Ìlà kìíní ń sọ bóyá iṣẹ́ tí a béèrè yọrí tàbí kò yọrí. Ìlà kejì ń sọ irú ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, àti ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà inú rẹ̀. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní CERN ní ilẹ̀ Switzerland, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú kankan nínú HTTP ti 1991. Sáfà kàn ń ju ojú ìwé sílẹ̀ ni. Nígbà tí ìwé òfin HTTP/1.0 fi máa jáde ní oṣù karùn-ún 1996, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ti di ara iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ náà ti rí i pé iṣẹ́ tí a jẹ́ láìkí kò lè rìn jìnnà.

Báwo wá ni "ẹ" ṣe di "áº¹"? UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, ni ó gba gbogbo lẹ́tà wa láyè. Nínú rẹ̀, báìtì mẹ́ta ni "ẹ" máa ń gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO-8859-1, tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nínú tirẹ̀, báìtì kan ni lẹ́tà kan. Bí bùráósà bá gbà pé ọ̀nà àtijọ́ yìí ni a fi kọ̀wé, yóò ka báìtì mẹ́ta tí "ẹ" ní sí lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: á, º, àti ¹. Kò ṣìwà hù. Ohun tí a wí fún un ni ó ṣe.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bi wá pé, "Ṣebí a kọ UTF-8 sínú ojú ìwé náà?" Lóòótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sínú ara ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n sáfà tí a gbé ojú ìwé náà sí ti fi ISO-8859-1 sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ní tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ara ọ̀rọ̀ bá sì takora báyìí, ti ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni bùráósà yóò gbà. Ìlà kan péré ni ètò PHP wa ṣaláìní:

header('Content-Type: text/html; charset=UTF-8');

Nígbà tí a fi í sí i, gbogbo orúkọ padà bọ̀ sípò. Ẹ̀gún ló gún wa lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló yẹ kí a fi yọ ọ́, àáké ni àwọn ènìyàn wa ti gbé. Ká ní a gbọ́ tiwọn ni, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sílé nígbà ìsinmi, àti oko tí bàbá ẹni ń ro, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ì bá dà lójú ìwé wa. Orúkọ ẹni sì ni ìjánu ẹni. Ẹgbẹ́ tí kò lè kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ni ó wá ń ṣe ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀?

Bí a ti rí èyí, a rí i pé àwọn àṣìṣe mìíràn tún wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe nídìí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Àkọ́kọ́ ni pé a kì í ka ètò tí ó wà nínú rẹ̀ sí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Ní kété tí ara ọ̀rọ̀ bá ti jáde, ó parí, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú mọ́. PHP yóò máa pariwo pé "headers already sent", akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa wo ìlà kan náà láti àṣálẹ́ di òru. Nígbà púpọ̀, àyè òfìfo kan péré tí ó wà ṣáájú <?php ni ó fa gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn, àmì báìtì mẹ́ta tí a kì í fojú rí ni, èyí tí àwọn ètò ìkọ̀wé kan máa ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì. Àwọn sáfà kan máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Nítorí náà, ètò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni, kí ó sì kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí a bá gbé e lọ síbòmíràn. Kí í ṣe àjẹ́. Ìkíni ló pẹ́.

Èkejì ni irọ́. Ẹ máa ń rí ojú ìwé tí ó kọ ọ́ gàdàgbà pé "A kò rí ohun tí ẹ béèrè," ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ń sọ pé 200 OK, ìyẹn ni pé ohun gbogbo lọ dáadáa. Ènìyàn lè ka àlàyé náà, ṣùgbọ́n àwọn ètò mìíràn tí ó ń bá ojú ìwé náà ṣiṣẹ́, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń wò. Bí nǹkan kò bá sí, ẹ sọ 404. Bí ó bá jẹ́ pé ètò yín ni ó dàrú, ẹ sọ 500. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù, nítorí pé ó kan àṣírí ọmọlàkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ètò tí ó ń fi èsì ìdánwò hàn. Bí ẹni tí ó wọlé kò bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀, ètò náà yóò fi ìlà yìí ránṣẹ́:

header('Location: wole.php');

Ìlà yìí ń sọ fún bùráósà pé kí ó kọjá sí ojú ìwé ìwọlé. Ṣùgbọ́n kò dá ètò náà dúró. Bí a kò bá kọ exit sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ètò yóò máa bá iṣẹ́ lọ, yóò sì kó gbogbo èsì náà tẹ̀ lé e. Bùráósà kò ní fi í hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ti ilẹ̀kùn, a kò fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ẹ sì rántí pé kọ̀ǹpútà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa jọ ń lò. Ẹnì kan wo èsì rẹ̀, ó jáde, ó lọ. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn, máàkì ẹni ẹlẹ́ni sì hàn sí i. Cache-Control: no-store ni ó yẹ kí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, kí bùráósà lè mọ̀ pé kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àsọjù ni gbogbo èyí, pé Laravel àti Django ń bá wa ṣe é. Òótọ́ wà níbẹ̀. Django, fún àpẹẹrẹ, máa ń fi UTF-8 sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ tí ó mọ èyí tí ó jẹ́ àṣírí nínú àwọn ojú ìwé wa, kò sì sí èyí tí ó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni à ń sọ. Ẹni tí ó kọ ètò ni ó ni ẹnu. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe tún gbé ọ̀rọ̀ àmì yíyọ wá sí ìpàdé mọ́, nítorí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá sì gbé ojú ìwé jáde lórúkọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Kò nira. Ẹ tẹ F12 nínú Chrome tàbí Firefox, ẹ lọ sí Network, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ sì ka ohun tí ó wà lábẹ́ Response Headers. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ìran tí a fi ìkíni sọ lórúkọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìran tí ojú ìwé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kí. Ọ̀rọ̀ wa kò jù báyìí lọ. Ire o.