Ẹnu Ta Ni A Ó Gbọ́ ní Àkọ́rọ̀ Òjò Yìí?



 Ní Òfíkì níbí, ilẹ̀ ti rin, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin àgbàdo, ẹni tó bá sì mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ọwọ́ yóò dí títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Àkókò yìí náà ni ẹgbẹ́ wa máa ń yan ìwé tí a ó jọ kà. Ìtàdógún-ìtàdógún ni a ń pàdé. Bí a bá kà á láti ìsinsìnyí títí di Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ìjókòó bíi mẹ́jọ péré ló kù fún wa. Àwọn tó ń sọ pé ìwé kan kò yàtọ̀ sí èkejì, pé kí a ṣáà ti máa kà, kò tíì jókòó ka iye ọjọ́ náà.

Ìwé méjì ni wọ́n gbé síwájú wa ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fara mọ́ wọn. Èkíní ni The Religion of the Yorubas, tí Olumide Lucas tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1948. Èkejì ni Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tí Bolaji Idowu tẹ̀ jáde ní 1962. Mo dìde, mo ní n kò fara mọ́ ọn. Ariwo sọ. Wọ́n bi mí bóyá ìmọ̀ ni mo kórìíra. Ohun tí n kò ráyè sọ tán lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síbí.

Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Lucas. Iṣẹ́ tó gbé ka iwájú ni láti fi hàn pé láti Íjíbítì àtijọ́ ni ẹ̀sìn wa ti ṣẹ̀ wá. Ó ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ọ̀rọ̀ Íjíbítì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ìró wọn bá ti jọra díẹ̀, ẹjọ́ ti parí lójú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè kò ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn ìwé yìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ó dùn mọ́ni láti gbọ́ pé ìbátan àwọn Fáráò ni baba ẹni. Ṣùgbọ́n mo bi yín, kí ló dé tí Òrìṣà Oko kò fi níyì tó lójú wa àfi bí ó bá kọ́kọ́ ní bàbá kan létí odò Náílì? Odò tiwa ń ṣàn níbí, ó ń lọ bá odò Ògùn, ìyẹn odò Yemọja. Ta ló fi odò yìí ṣeré?

Ọ̀rọ̀ Idowu yàtọ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀mọ̀wé gidi ni. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń pè wá ní abọgibọ̀pẹ̀, ó kọ̀ fún wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé Èṣù kì í ṣe Sátánì inú Májẹ̀mú Tuntun. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wa, ọpẹ́ ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó sì di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà nígbẹ̀yìn. Òṣùwọ̀n tó fi wọn ẹ̀sìn wa ni òṣùwọ̀n ẹlẹ́sìn ọlọ́run kan ṣoṣo. Ó to àwọn òrìṣà sábẹ́ Olódùmarè bí ìjòyè sábẹ́ ọba, kí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lè wò wá kó má sá. Ó gbèjà wa, ṣùgbọ́n ní kóòtù ẹlòmíràn ni, lábẹ́ òfin ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti fi ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ̀ mọ́ pé òfin mìíràn wà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi dákẹ́ níjọ́ náà, ọmọdébìnrin kan ló sọ ọ́, ọmọ ilé-ìwé girama. Ó ní wọ́n ń pe ìyá òun ní àjẹ́ nínú kíláàsì nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bú òun, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni òun sì nílò láti fi dá wọn lóhùn. N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Mo rò ó dé ilé, mo rò ó dé oko.

Èsì mi nìyí, ọmọ mi. Ọmọ Òkè-Ògùn yìí kan náà ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, orúkọ Èṣù ni wọ́n gbé fún Sátánì, orúkọ náà kò sì kúrò níbẹ̀ títí dòní. Bí o bá mú ìwé Idowu lọ sí kíláàsì, ohun tí wàá lè sọ ni pé ọ̀mọ̀wé kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ rẹ yóò ní ọ̀mọ̀wé mìíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá mọ ẹsẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹnì kan rúbọ, tó rúbọ, tí Èṣù sì dúró tì í títí ọ̀nà rẹ̀ fi là, olùkọ́ rẹ yóò ní láti wá Sátánì inú ẹsẹ̀ náà fún ọ. Jẹ́ kó wá a.

Nítorí náà, ìwé tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí ni Sixteen Cowries, tó jáde ní 1980. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìwé ọmọ Yorùbá méjì, mo wá mú ti William Bascom, ará Amẹ́ríkà! Ẹ gbọ́ ná. Ohun tí mo ń wò ni ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé, orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kàn mí. Ní 1951, Bascom gba ohùn àgbà olórìṣà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Sàlàkọ́ ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń dá ẹ̀rìndínlógún. Ohun tí Sàlàkọ́ wí ní Yorùbá wà nínú ìwé náà, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Sàlàkọ́ kò dá Lucas lóhùn, kò bẹ bíṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹni tó wá dá owó níwájú rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tún rántí pé àwọn ìyá olórìṣà ló ni ẹ̀rìndínlógún gan-an. Ọ̀pọ̀ ìyá wa nínú ẹgbẹ́ tí kò là lẹ́nu nígbà tí a ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa tọ́ wa sọ́nà ní ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, Apá Kìíní, tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní 1968. Yorùbá ni láti òkè dé ilẹ̀. Bí a bá ráyè ka Odù kan péré nínú rẹ̀ ní ìjókòó kan, tí babaláwo sì wà níbẹ̀ láti sọ ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀, a ti ṣe dáadáa. Idowu lè dúró de ẹ̀yìn ìkórè. Ti Lucas, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ kà á nílé.

Bàbá kan wà tí kò fẹ́ ìwé kankan rárá. Ó ní ẹnu ni a fi ń gba ẹ̀sìn wa, pé ìwé kò tẹ ẹnikẹ́ni nífá rí. Òótọ́ ni bàbá sọ, n kò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Ìràwọ̀, tí kò jìnnà sí wa, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wá. Láyé àtijọ́, ẹni tí Ifá bá ní kó sin Òrìṣà Oko, Ìràwọ̀ ni yóò forí lé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ̀pá irin òrìṣà náà. Lónìí, àwọn ọ̀pá wọ̀nyí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti wọn gígùn wọn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Oríkì tí wọ́n ń kì bí wọ́n ti ń fà á lé olúwa rẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Ìyẹn kò bá irin wọ ọkọ̀. Ẹnu àwọn àgbà díẹ̀ ló wà, àwọn àgbà sì ń lọ. Sàlàkọ́ kò ní bá wa sọ ọ́, Ọ̀yọ́ ni òun wà.

Wọ́n ń sin Òrìṣà Oko ní Kúbà títí dòní, àmì ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀. Báwo ló ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú? Ẹnu ló kọ́kọ́ gbé e, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn olórìṣà ibẹ̀ ra ìwé àkọsílẹ̀ pélébé, libreta ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fọwọ́ kọ orin, ìtàn àti orúkọ ewé sínú rẹ̀, àgbà sì ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Kò sí yunifásítì tó rán wọn níṣẹ́.

Ìwé kẹta tí mo ń dábàá nìyẹn, òfìfo ni. Kí a fi ìjókòó mẹ́ta sílẹ̀ nínú mẹ́jọ, kí a lọ bá àwọn àgbà Òrìṣà Oko pẹ̀lú obì àti otí, kí a gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí a kọ ohun tí wọ́n bá gbà kí a kọ, kí a sì fi èyí tí wọ́n ní kò yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ méjì. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí kì í bá ṣe àbúrò rẹ̀ Obadiah tó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, kì bá tí jáde ní 1921.

Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé ọgọ́rin méjì, wọ́n wà nílé mi. Owó fótókọ́pì orí àkọ́kọ́ nínú Sixteen Cowries ni kò tíì pé. Ẹni tó bá ní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá nílé, kó jọ̀wọ́ mú un dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọmọdébìnrin yẹn náà wá, òun ni mo fẹ́ kó ka ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.